Ta Ni Ó Ni Ojú Ọ̀nà?

Àdúrà kan wà tí kì í wọ́n lẹ́nu àwọn àgbà nígbà tí ènìyàn bá fẹ́ jáde nílé: kí olúwa rẹ̀ má rìn ní ọjọ́ tí ebi bá ń pa ọ̀nà. Ní ayé àtijọ́, àwọn tí ń gba àdúrà yìí mọ ohun tí wọ́n ń sọ. Ọ̀nà ìgbà náà jẹ́ ọ̀nà tóóró láàárín igbó. Ejò wà níbẹ̀, ọlọ́ṣà wà níbẹ̀, nígbà ogun ẹ̀wẹ̀, àwọn tí ń kó ènìyàn lẹ́rú ń ba níbẹ̀. Ẹni tí ó bá jáde tí ó sì padà wọlé ní àlàáfíà ní ìdí tí ó fi yẹ kí ó dúpẹ́. Igbó ti di ìgboro lónìí, wọ́n sì ti da ọ̀dà sí ọ̀nà, ṣùgbọ́n àdúrà náà kò tí ì di ohun àtijọ́. Ọ̀nà ṣì ń jẹun. Ohun tí ó yí padà ni pé kì í ṣe ẹranko ni ó ń pa èyí tí ó pọ̀ jù mọ́. Irin tí ènìyàn fi owó ara rẹ̀ rà, tí ó sì ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ darí ni.

Níbẹ̀ ni ìbéèrè ti bẹ̀rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ pé bí Ẹlẹ́dàá ti dá ọ̀nà nìyẹn, àdúrà nìkan ni ó kù fún ènìyàn. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ pé ènìyàn ni ó la ọ̀nà, tí ó wọn ìbú rẹ̀, tí ó yan ẹni tí yóò gba àárín kọjá àti ẹni tí yóò máa fi ẹ̀gbẹ́ rìn létí gọ́tà, a jẹ́ pé ọ̀ràn náà ti kúrò ní ti kádàrá, ó ti di ọ̀ràn ìwà àti ìdájọ́. Ta ni ó ni ojú ọ̀nà? Ṣé ẹni tí ó ní ọkọ̀ ni, àbí ẹni tí ó ní ẹsẹ̀? Ǹjẹ́ ó tọ́ kí ìjọba máa rọ àwọn ará ìlú pé kí wọ́n máa fi ẹsẹ̀ rìn, tàbí kí wọ́n máa gun kẹ̀kẹ́, lọ sí ibi iṣẹ́ òòjọ́ wọn? Bí ó bá sì tọ́, kí ni ìjọba gbọ́dọ̀ ti ṣe kí ó tó ní ẹnu tí yóò fi sọ ọ́?

Modákẹ́kẹ́ jẹ́ ibi tí ó yẹ kí a ti gbé ìbéèrè yìí yẹ̀ wò, nítorí pé ẹsẹ̀ ni ó tẹ ibẹ̀ dó. Nígbà tí ogun tú Ọ̀yọ́ Ilé ká ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ẹsẹ̀ ni àwọn tí ogun lé fi rìn wọ ilẹ̀ Ifẹ̀, tí wọ́n ru ẹrù sórí, tí wọ́n sì pọn ọmọ sẹ́yìn. Ní nǹkan bí 1847, ní ayé Ọọ̀ni Abewéilá, ni wọ́n ní ibùdó tiwọn lọ́tọ̀. Samuel Johnson kọ ọ́ sínú ìtàn rẹ̀ pé igbe àwọn ẹyẹ àkọ̀ tí ó tẹ́ ìtẹ́ sórí igi ńlá kan nítòsí ibẹ̀ ni wọ́n ti mú orúkọ ibùdó náà jáde. Ní 1909, wọ́n tú Modákẹ́kẹ́ ká. Láti 1922 ni àwọn ènìyàn rẹ̀ tún bẹ̀rẹ̀ sí í padà. Nínú gbogbo lílọ àti bíbọ̀ yìí, ẹsẹ̀ ni ó ṣe èyí tí ó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ náà.

Iṣẹ́ àgbẹ̀ kò sì jẹ́ kí ẹsẹ̀ sinmi. Láti ìgbà tí kòkó ti gbilẹ̀ nínú igbó Ifẹ̀, àwọn abúlé tí ó jìnnà sí ìgboro ni ọ̀pọ̀ ará Modákẹ́kẹ́ ti ń ṣe oko. Àkùkọ ni agogo wọn. Kí ìrì tó gbẹ, wọ́n ti dé ìdí iṣẹ́. Nígbà tí owó kòkó wá ń wọlé, kẹ̀kẹ́ wà lára ohun tí àgbẹ̀ tí nǹkan ṣẹnuure fún kọ́kọ́ ń rà, Raleigh sì ni orúkọ tí ó gbajúmọ̀ nínú wọn. Ẹlẹ́mu so kèrègbè mọ́ ọn, olùkọ́ gùn ún lọ sí ilé-ìwé, akọ̀wé gùn ún lọ sí ọ́fíìsì, ajíhìnrere gùn ún kiri abúlé. Ìgbìmọ̀ ìlú ń gba owó láìsẹ́ńsì lórí rẹ̀. Ẹni tí ó ní kẹ̀kẹ́ nígbà náà kì í ṣe ẹni yẹpẹrẹ. Bí ó bá ń lu aago rẹ̀ bọ̀, àwọn ọmọdé a sáré jáde wò ó.

Èdè pàápàá jẹ́rìí sí bí nǹkan ti yí padà. Bí ènìyàn bá dárúkọ kẹ̀kẹ́ ní ìgboro lónìí, ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí ń kérò ni àwọn tí ó gbọ́ yóò rò, èyí tí wọ́n fi orúkọ Buba Marwa pè, ọ̀gágun tí ó ṣe olórí ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó láti 1996 dé 1999. Kẹ̀kẹ́ tí a ń fi ẹsẹ̀ wà, tí ó ni orúkọ náà tẹ́lẹ̀, ti di ohun tí a ní láti fi ọ̀rọ̀ mìíràn kún kí a tó mọ̀ ọ́n: ó di kẹ̀kẹ́ ológeere. Orúkọ ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú kan, Okada Air, ni wọ́n sì fi sọ alùpùpù tí ń kérò. Ohun tí àwùjọ bá ń gbé gẹ̀gẹ̀ ni ó máa ń fún ní orúkọ ńlá. Alùpùpù gba orúkọ ọkọ̀ òfuurufú, kẹ̀kẹ́ pàdánù orúkọ ara rẹ̀, ẹni tí ó sì ń fi ẹsẹ̀ rìn di ẹni tí wọ́n ń káàánú tàbí tí wọ́n ń fi ṣe yẹ̀yẹ́.

Bí ọ̀rọ̀ ti wà nìyí títí epo fi gbówó lórí. Ní ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún, ọdún 2023, ọjọ́ tí Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú gba ìjọba, ó kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti dópin. Lítà epo bẹntiróòlù kan, tí iye tí ìjọba fi lélẹ̀ lórí rẹ̀ kò tó 200 náírà, di nǹkan bí 500 náírà láàárín ọjọ́ mélòó kan. Ní oṣù Keje ọdún náà, ó ti lé ní 600 náírà. Nígbà tí ó fi di oṣù Kẹwàá ọdún 2024, ó ti kọjá 1,000 náírà ní ọ̀pọ̀ ìlú. Owó ọkọ̀ tẹ̀lé e. Ní oṣù Kẹfà 2023, ìjọba ìpínlẹ̀ Kwara àti ti Edo dín ọjọ́ iṣẹ́ àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba kù láti márùn-ún sí mẹ́ta lọ́sẹ̀, kí owó ọkọ̀ má baà jẹ owó oṣù wọn tán. Ọ̀pọ̀ tí kì í fi ẹsẹ̀ rìn tẹ́lẹ̀ ni ó padà sí i. Wọn kò padà nítorí pé ẹnikẹ́ni wàásù fún wọn. Àpò wọn ni ó wàásù.

Èyí ni ó mú kí àwọn kan sọ pé ìwà àìláàánú ni kí ìjọba máa yin ìrìn ẹsẹ̀. Ọ̀rọ̀ wọn kò ṣe é gbá dànù. Wọ́n ní ẹni tí ó ti fi ẹsẹ̀ rìn lọ sí ilé-ìwé ní kékeré, tí ó fi ẹsẹ̀ rìn lọ sí oko, tí ó fi ẹsẹ̀ rìn kiri wá iṣẹ́, kò nílò ẹni tí yóò kọ́ ọ ní adùn ìrìn. Kò sí ohun tí ó burú nínú pé kí ó fẹ́ jókòó sínú ọkọ̀ ní ọjọ́ alẹ́ rẹ̀. Wọ́n tún ní ẹni tí ó jókòó sínú ọkọ̀ tí afẹ́fẹ́ tútù ń fẹ́, tí ó wá ń sọ fún olójà pé kí ó máa rìn nítorí pé ìrìn dára fún ara, ó ń fi ìyà ẹlòmíràn ṣe ìmọ̀ràn. Ebi kì í di ààwẹ̀ nítorí pé a pè é bẹ́ẹ̀. Ẹni tí kò ní oúnjẹ kò gbààwẹ̀. Ẹni tí kò sì ní owó ọkọ̀ kò yan ìrìn.

Apá kejì ọ̀rọ̀ náà ní ìjìnlẹ̀ tirẹ̀. Nínú èrò Yorùbá, ẹsẹ̀ kì í ṣe ẹ̀yà ara lásán. Wándé Abímbọ́lá, ọ̀mọ̀wé Ifá tí ó jẹ́ ọ̀gá àgbà Yunifásítì Ifẹ̀ láti 1982 dé 1989, ṣe àlàyé nínú àwọn iṣẹ́ rẹ̀ pé ẹsẹ̀ dúró fún akitiyan ọmọ ènìyàn: bí orí tí ènìyàn yàn ti wù kí ó dára tó, bí ẹsẹ̀ kò bá bá a ṣiṣẹ́, kò lè dé ibi tí ó ń lọ. Àwọn àgbà kò ya ìrìn sọ́tọ̀ kúrò lára ìwà. Ẹni tí ó bá ń rìn ń kí ènìyàn, wọ́n sì ń kí i. Ó mọ ilé tí wọ́n ti ń ṣọ̀fọ̀ àti ilé tí wọ́n ti bímọ. Ó rí gọ́tà tí ó dí, ó rí àgbàlagbà tí kò jáde láti ijẹta. Àwọn oníṣègùn òde òní náà ń sọ tiwọn: Àjọ Ìlera Àgbáyé dá a lábàá pé kí àgbàlagbà máa lo ara rẹ̀ fún 150 ìṣẹ́jú, ó kéré tán, lọ́sẹ̀. Ìrìn ààbọ̀ wákàtí ní ọjọ́ márùn-ún ti tó iye yìí, ó sì ń ran ara lọ́wọ́ láti dènà ẹ̀jẹ̀ ríru àti àtọ̀gbẹ. Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń wá owó oògùn fún nìyí.

Bí a bá wo apá méjèèjì dáadáa, wọn kò tako ara wọn. Ẹni àkọ́kọ́ ń sọ pé a kò gbọ́dọ̀ sọ ìyà di ìwà rere. Ẹni kejì ń sọ pé ìrìn fúnra rẹ̀ kì í ṣe ìyà. Ohun tí ó ń sọ ìrìn di ìyà ni kí ó jẹ́ ọ̀ranyàn, kí ó jẹ́ ewu, kí ó sì jẹ́ ẹ̀gàn. Bí a bá mú ewu àti ẹ̀gàn kúrò, tí a sì jẹ́ kí ó jẹ́ ohun tí ènìyàn lè yàn, ìrìn yóò padà sí ipò rẹ̀. Nítorí náà, iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí ó já lé ìjọba léjìká kì í ṣe ìwàásù. Àwọn tí ń rìn kò ṣọ̀wọ́n ní Modákẹ́kẹ́ tàbí ní ìlú Yorùbá kankan. Ohun tí ó ṣọ̀wọ́n ni ibi tí wọn yóò fi ẹsẹ̀ lé tí ọkọ̀ kò ní bá wọn níbẹ̀.

Ewu yìí ni ó yẹ kí a fi òṣùwọ̀n ìwà wọ̀n. Ìjábọ̀ tí Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé jáde ní 2023 sọ pé nǹkan bí 1.19 mílíọ̀nù ènìyàn ni ó kú sí ojú ọ̀nà káàkiri ayé ní 2021. Àwọn ẹlẹ́sẹ̀, àwọn oníkẹ̀kẹ́ àti àwọn tí ń gun alùpùpù ju ìdajì wọn lọ. Bí ẹni méjì bá pàdé lójú ọ̀nà, tí ọ̀kan lè pa èkejì, tí èkejì kò sì lè pa á, ojúṣe wọn kò lè dọ́gba. Yorùbá mọ èyí nípa ìbọn. Bí ọdẹ bá yìnbọn nínú oko olóko, a kì í bi olóko pé kí ni ó wá ṣe ní oko rẹ̀. Ọdẹ ni a ń bi pé kí ni ó rí kí ó tó yìnbọn. Ọkọ̀ tí ń sáré láàárín ìgboro kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí ìbọn tí a ti kì. Síbẹ̀, bí ọkọ̀ bá gbá ọmọdé, ìbéèrè tí a kọ́kọ́ máa ń gbọ́ ni pé kí ni ọmọ náà ń wá lójú títì. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ẹni tí agbára rẹ̀ pọ̀ jù lójú ọ̀nà ni àgbà ibẹ̀, òun ni ó sì yẹ kí ó máa ṣọ́ orí àwọn yòókù.

A lè rí ìyàtọ̀ yìí nínú afárá ẹlẹ́sẹ̀ tí wọ́n kọ́ sórí àwọn títì márosẹ̀ ní Èkó, níbi tí ìjọba ti máa ń mú ẹni tí ó bá gba ìsàlẹ̀ sọdá. Kò sí àní-àní pé afárá náà ti gba ọ̀pọ̀ ẹ̀mí là, nítorí títì márosẹ̀ kì í ṣe ibi tí ènìyàn ń rìn gba àárín rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wo ẹni tí a di ẹrù rù. Ẹni tí ẹ́ńjìnnì ń gbé ń lọ ní pẹrẹsẹ. Ìyá arúgbó tí orúnkún ń dùn, tí ó tún ru igbá sórí, ni a ní kí ó gun òkè kí ó sì sọ̀ kalẹ̀. Láàárín ìgboro bíi ti Modákẹ́kẹ́, níbi tí ilé, ọjà, ilé-ìwé, mọ́ṣáláṣí àti ṣọ́ọ̀ṣì ti fara kan títì, ohun tí ó bá ìdájọ́ òdodo mu ni pé kí ọkọ̀ rọra, kì í ṣe pé kí ènìyàn fò.

Pé ènìyàn lè dí ẹnu ọ̀nà tí ebi ń pa, ìtàn agbègbè yìí gan-an fi hàn. Ní àwọn ọdún 1970, ọ̀nà Ìbàdàn sí Ifẹ̀ ń pa ènìyàn lemọ́lemọ́, àwọn ará Yunifásítì Ifẹ̀ sì wà lára àwọn tí ó ń pa. Wọlé Ṣóyínká, tí ó ń kọ́ni ní Yunifásítì náà nígbà náà, wà lára àwọn tí kò gbà pé àdúrà nìkan tó. Ní 1977, ìjọba ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, tí Ifẹ̀ àti Modákẹ́kẹ́ wà lábẹ́ rẹ̀ nígbà náà, dá ẹgbẹ́ ẹ̀ṣọ́ ojú ọ̀nà sílẹ̀. Ní 1988, ìjọba àpapọ̀ dá Àjọ Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó sílẹ̀ fún gbogbo Nàìjíríà, Ṣóyínká sì ni alága rẹ̀ àkọ́kọ́. Ẹ̀kọ́ ibẹ̀ ni pé ní ọjọ́ tí ènìyàn bá gbà pé ọwọ́ òun ni ikú ojú ọ̀nà wà ni yóò tó bẹ̀rẹ̀ sí í dín in kù. Ohun tí ó kù díẹ̀ káàtó nínú iṣẹ́ náà ni pé ẹni tí ó wà nínú ọkọ̀ ni òfin àti ẹ̀ṣọ́ fi ojú sí jù, bóyá ó so bẹ́líìtì, bóyá ó ní ìwé. Ẹni tí ó wà ní ẹ̀gbẹ́ títì kò rí ibi tí yóò rìn síbẹ̀síbẹ̀.

Ní Modákẹ́kẹ́, ìrìn tún ní ìtumọ̀ kan tí ó kọjá ọ̀rọ̀ ọkọ̀. Ní 1981, ní 1983, àti láàárín 1997 sí 2000, ìjà bẹ́ sílẹ̀ láàárín Ifẹ̀ àti Modákẹ́kẹ́. Ẹ̀mí ṣòfò, ilé jóná, àwọn aládùúgbò sì di àjèjì sí ara wọn. Lára ohun tí irú ìjà bẹ́ẹ̀ kọ́kọ́ máa ń gbà lọ́wọ́ ènìyàn ni ìrìn: ọ̀nà tí ọmọ ń gbà lọ sí ilé-ìwé ní àná di ààlà tí kò gbọdọ̀ kọjá lónìí. Nínú ohun tí ó dá ìjà 1997 sílẹ̀ ni ibi tí olú ọ́fíìsì Ìjọba Ìbílẹ̀ Ìlà-Oòrùn Ifẹ̀ yóò wà. Ibi tí wọ́n ń fà mọ́ ara wọn lọ́wọ́ kò jìnnà sí ara wọn ju ìrìn ẹsẹ̀ lọ. Èyí kò sọ ọ̀ràn náà di kékeré, nítorí iyì àti ẹ̀tọ́ ni apá kọ̀ọ̀kan kà á sí. Ṣùgbọ́n ó fi hàn pé ilẹ̀ tí ẹsẹ̀ lè rìn já ni ọkàn lè sọ di ọ̀nà jíjìn. Ẹni tí ó ń fi ẹsẹ̀ rìn gba àdúgbò ẹlòmíràn kọjá fi ara rẹ̀ sí ọwọ́ àwọn ará ibẹ̀. Ojú rẹ̀ hàn, ohùn rẹ̀ hàn, kò ní irin tí yóò bò ó. Bí ó bá kọjá láìfòyà, àlàáfíà wà. Àìrìnpọ̀ ejò ni ó ń jẹ ejò níyà. Ojú ọ̀nà tí ọmọ apá méjèèjì ti lè jọ máa rìn lọ sí ilé-ìwé, tí àwọn ìyá ti lè jọ máa rìn bọ̀ láti ọjà, ń ṣe iṣẹ́ tí ọ̀pọ̀ ìpàdé àlàáfíà kò lè ṣe.

Àwọn ìlú mìíràn ti fi hàn pé ohun tí a ń wí yìí ṣe é ṣe. Ní 1971, nǹkan bí 3,300 ènìyàn ni ó kú sí ojú ọ̀nà ní ilẹ̀ Netherlands, ó sì lé ní 400 ọmọdé tí ó wà nínú wọn. Àwọn òbí gba títì, wọ́n dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ tí orúkọ rẹ̀ túmọ̀ sí pé kí wọ́n dẹ́kun ìpànìyàn ọmọdé. Ní 1973, nígbà tí epo wọ́n ní gbogbo ayé, ìjọba ibẹ̀ fi òfin de ọkọ̀ ní àwọn ọjọ́ Àìkú kan. Àwọn ènìyàn jáde sí títì, wọ́n sì rí i pé ìlú lè dákẹ́. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń la ọ̀nà kẹ̀kẹ́ lọ́tọ̀, òfin wọn sì di ẹrù ìjàǹbá lé awakọ̀ léjìká bí ó bá gbá ẹlẹ́sẹ̀ tàbí oníkẹ̀kẹ́. Ní Bogotá, olú ìlú Kòlóńbíà, àṣà yíya títì sọ́tọ̀ fún ẹsẹ̀ àti kẹ̀kẹ́ ní ọjọ́ Àìkú ti wà láti 1974. Ní Áfíríkà, Kigali ní Rùwáńdà bẹ̀rẹ̀ ọjọ́ àìlọ́kọ̀ tirẹ̀ ní 2016. Ní ọdún náà ni iléeṣẹ́ Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé tí ń rí sí àyíká rọ àwọn orílẹ̀-èdè pé kí wọ́n ya ìdá márùn-ún owó ọ̀nà wọn sọ́tọ̀, ó kéré tán, fún ẹsẹ̀ àti kẹ̀kẹ́. Èkó náà gbé ìlànà tirẹ̀ jáde lórí ìrìn ẹsẹ̀ àti kẹ̀kẹ́ ní 2018. Ohun tí ó yẹ kí a ṣàkíyèsí ni pé Netherlands kò fi kẹ̀kẹ́ bẹ̀rẹ̀. Ẹkún òbí ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀.

Ẹni tí ó bá ní òfin Nàìjíríà kò fi àyè sílẹ̀ fún irú ètò bẹ́ẹ̀ kò ka ìwé òfin náà dópin. Nínú àfikún kẹrin ìwé òfin 1999, níbi tí wọ́n ti to iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ, ọ̀rọ̀ láìsẹ́ńsì kẹ̀kẹ́ wà níbẹ̀, pẹ̀lú ti ọkọ̀ ojú omi àti ọmọlanke. Iṣẹ́ kíkọ́ àti títọ́jú ọ̀nà, àdúgbò, iná ojú títì àti gọ́tà wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Gbogbo ohun tí ẹlẹ́sẹ̀ nílò ni a kà tán yìí. Kì í ṣe ohun tí ó dìgbà tí a bá yá owó ní òkè òkun. Kí a bo gọ́tà, kí orí rẹ̀ di ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀. Kí gegele tí ń mú ọkọ̀ rọra wà níwájú ilé-ìwé kọ̀ọ̀kan. Kí iná wà ní ibi tí àwọn olójà alẹ́ ń gbà kọjá. Kí a gbin igi tí yóò ṣíji bo ọ̀nà. Yunifásítì tí ó wà nítòsí ti fi àpẹẹrẹ ti ìbòòji lélẹ̀: Arieh Sharon, ẹni tí ó ya àwòrán ọgbà rẹ̀, kọ́ àwọn ilé kan tí òkè wọn yọ ju ìsàlẹ̀ lọ, kí òòrùn àti òjò má baà bá àwọn tí ó wà nísàlẹ̀. Ẹni tí ó ń kọ́lé rántí ẹni tí ń rìn. Ìyẹn náà ni à ń béèrè lọ́wọ́ àwọn tí ń la ọ̀nà.

Àríyànjiyàn mélòó kan ṣẹ́kù. Àwọn kan yóò ní kí ni yóò ṣẹlẹ̀ sí àwọn ọlọ́kadà àti àwọn oníkẹ̀kẹ́ Márúwá, tí ó jẹ́ pé iṣẹ́ yẹn ni wọ́n fi ń bọ́ ọmọ. Ìdáhùn rẹ̀ ni pé ọ̀nà tí ó dára fún ẹsẹ̀ kò sọ ọ̀nà jíjìn di nítòsí. Ẹni tí ó ń lọ sí abúlé, aláìsàn, aboyún, arúgbó àti ẹni tí ẹrù rẹ̀ wúwo yóò ṣì nílò ẹni tí yóò gbé wọn. Ètò tí ó bá fi òfin lé ọlọ́kadà kúrò lójijì láìpèsè ohun tí yóò máa ṣe ń gba oúnjẹ lẹ́nu ẹnìkan láti fi tẹ́ ẹlòmíràn lọ́rùn, kò sì yẹ kí a pè é ní ìdájọ́ òdodo. Àwọn mìíràn yóò ní ojú ń ti ènìyàn láti gun kẹ̀kẹ́, pàápàá obìnrin àti ẹni tí ó kàwé. Ìtìjú yìí kì í ṣe ohun tí a bí mọ́ni. Àwọn bàbá ńlá wa tí ó fi owó kòkó ra kẹ̀kẹ́ kò ní in. Àwùjọ ni ó dá a sílẹ̀, àwùjọ ni ó sì lè mú un kúrò.

Ibi tí àwọn aṣáájú ti wọ ọ̀rọ̀ náà nìyí. Thomas Sankara, tí ó ṣe olórí Burkina Faso láti 1983 dé 1987, ta àwọn ọkọ̀ Mercedes ìjọba, ó sì fi Renault 5 rọ́pò wọn fún àwọn mínísítà rẹ̀. Kì í ṣe owó tí ó kó jọ níbẹ̀ nìkan ni àwọn ènìyàn rántí; ohun tí wọ́n rántí ni pé kò di ẹrù tí òun kò lè rù lé ẹlòmíràn lórí. Bí alága ìjọba ìbílẹ̀, kọmíṣọ́nnà, olórí ilé-ìwé àti àlùfáà bá ń fi ẹsẹ̀ rìn ní ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ lójú ọ̀nà kan náà tí àwọn olójà ń rìn, láìsí ẹ̀ṣọ́ tí ń fọn fèrè níwájú, kò ní pẹ́ tí a óò fi bo gọ́tà. Ẹni tí ó wọ bàtà ni ó mọ ibi tí ó ti ń ta á lẹ́sẹ̀.

Ní ìparí, ta ni ó ni ojú ọ̀nà? Gbogbo ènìyàn ni. Ṣùgbọ́n nínú ohun tí ó jẹ́ ti gbogbo ènìyàn, ẹni tí ara rẹ̀ kò ní ààbò ni a kọ́kọ́ ń ro tirẹ̀, bí a ti ń kọ́kọ́ bu oúnjẹ fún ọmọdé nínú agbo ilé. Ẹni gun ẹṣin, ilẹ̀ ni ó ń bọ̀: kò sí awakọ̀ tí kì í sọ̀ kalẹ̀, kò sì sí ẹni tí ó sọ̀ kalẹ̀ tí kì í di ẹlẹ́sẹ̀. Ìjọba tí ó bá ti la ọ̀nà tí ìyá lè rán ọmọ rẹ̀ gbà láìdi ọwọ́ mọ́ra ní ẹnu láti rọ ènìyàn kí wọ́n máa rìn. Èyí tí kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ̀bẹ̀ ni ó yẹ kí ó kọ́kọ́ bẹ àwọn tí ń rìn. Àdúrà àwọn àgbà dára, kí a má ṣe dẹ́kun rẹ̀; ṣùgbọ́n kí a fi bíríkì, iná, igi àti òfin ṣe àmín sí i. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, ni a fi dá Ilé-Ifẹ̀. Ọgbọ́n kan náà ni yóò jẹ́ kí ọmọdé àti àgbà lè jọ rìn níbẹ̀.